Wàrà Tí Mo Da Búlúù Sí

Ìgbà mẹ́ta ni mo da búlúù sí wàrà ìyá kan tí kò ṣẹ̀ mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á, ojú gbogbo èèyàn ni mo sì ti dà á. Ọkọ mi ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Lóòótọ́, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ṣùgbọ́n inú tó bí mi nígbà náà kò tíì rọ̀ tán, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí jù nínú ẹ̀rọ, ọ̀gá mi àti èmi fúnra mi.

Olódò là ń gbé. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mo kọ́ ní pólì. Mo jókòó sílé fún ọdún méjì gbáko lẹ́yìn tí mo jáde, kí ilé iṣẹ́ kan tó ń ra wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní tó gbà mí pé kí n wá máa yẹ wàrà wò fún àwọn. Ibi tí wọ́n fi mí sí wà létí títì, béèyàn bá kọjá Ìyànà Ọ̀fà díẹ̀. Yàrá onípáànù kan ṣoṣo ni. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju táńkì kan tó ń mú wàrà tutù, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, tábìlì, bẹ́ǹṣì méjì, àti ẹ̀rọ kan tó máa ń wà nínú àpótí dúdú bí àpótí fèrè àwọn ará ìjọ Àpọ́sítélì.

Ẹ̀rọ yìí ló ń yẹ wàrà wò, èmi kàn ń dì í mú ni. Ó ní ọ̀pá kan tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, irin méjì sì wà lórí ọ̀pá náà tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí eyín fọ́ọ̀kì. Tí mo bá ti tàn án, irin méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ojú kò lè rí gbígbọ̀n náà, ṣùgbọ́n téèyàn bá fi ìka kàn án, á máa rìn ín lára bí ìgbà tí kòkòrò bá há sí àtẹ́lẹwọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i kò le. Ẹni tó ń ju apá nínú omi kò lè yára bí ẹni tó ń jù ú lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin yìí. Bí ohun tí wọ́n tì í bọ̀ bá ṣe wúwo tó ni gbígbọ̀n rẹ̀ á ṣe falẹ̀ tó. Ẹ̀rọ á ka iye ìgbà tó gbọ̀n, á sì gbé nọ́ńbà jáde lójú gíláàsì kékeré kan. Wàrà tí kò lábùlà wúwo ju omi lọ díẹ̀. Tí wọ́n bá bu omi sí i, á fúyẹ́, irin á yára, nọ́ńbà á sì wálẹ̀. Ọgbọ̀n ni nọ́ńbà wàrà tó dáa. Ó lè fi méjì lé, ó lè fi méjì dín. Èyí tí kò bá ti tó méjìdínlọ́gbọ̀n, àwa gbà pé omi ti wọ̀ ọ́.

Wàrà tó bá sì já, a kì í dá a padà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ní wọ́n á kàn gbé e lọ sí ibùdó mìíràn ni. Nítorí náà, wọ́n ní kí n máa da búlúù sí i kí n tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni mò ń wí, ọ̀kan náà tí mo fi ń fọ sùtánà mi ní ọjọ́ Sátidé. Wàrà tí búlúù bá ti wọ̀, kò ṣeé mu, kò ṣeé fi ṣe wàràkàṣì, ajá pàápàá á kọ́kọ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Àwọn obìnrin tó ń gbé wàrà wá yìí gbọ́n jù ẹ́ lọ o,” ọ̀gá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Wọ́n á máa kí ẹ, wọ́n á máa gbàdúrà fún ẹ. Má wo ojú ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ni kó o máa wò.”

Mo ní, “Ó dáa, sà.”

Iṣẹ́ náà tètè sú mi. Ẹ̀rọ yẹn kì í fẹ́ kí wọ́n kánjú, ọ̀gá mi kì í sì í fẹ́ kí n falẹ̀. Bí mo bá ki ọ̀pá bọ inú wàrà, nọ́ńbà á máa lọ sókè sódò bí ọmọ tí kò fẹ́ sùn. Mà á dúró. Eṣinṣin á máa bà mí lójú, ọwọ́ mi kò sì gbọdọ̀ mì. Ó lè dúró sórí ọgbọ̀n, bí mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, á tún ti yẹ̀. Bátìrì rẹ̀ á kú nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kò bá ní epo. Àwọn obìnrin á tò dé ìta, ọkọ̀ táńkì tó ń bọ̀ wá kó wàrà kì í sì í dúró kọjá aago mẹ́wàá. Awakọ̀ rẹ̀ á máa fun fèrè bí ẹni pé èmi ni mo ń fún màlúù.

Inú àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá ni ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà tẹ́lẹ̀. Á ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ga, ó gbẹ, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ igbá wàrà ńlá ló rù. Àgbègbè yẹn ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi tí mo dàgbà sí ìgboro lọ. “Ìyàwó wa” ló máa ń pè mí. Á béèrè ọkọ mi, á béèrè àwọn ọmọ, kó tó jókòó. Wàrà rẹ̀ kì í já. Ọgbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojoojúmọ́. Nígbà tí nọ́ńbà bá ń dà mí láàmú, tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí ọkàn mi lè balẹ̀ pé ẹ̀rọ kò tíì bàjẹ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, orúnkún ń dùn ún. Gáà wọn, ibùgbé àwọn Fúlàní, jìnnà díẹ̀ sí títì, ọ̀nà ilẹ̀ ni ó sì gba ibẹ̀ jáde. Ó wá ń gun ọ̀kadà. Kò gbé igbá mọ́, kẹ́ẹ̀gì funfun ló ń rọ wàrà sí, ọlọ́kadà á sì fi rọ́bà so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wàrà rẹ̀ kọ́kọ́ já. Ẹni tó ń kà á báyìí á ti rí i. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti máa wò ó, mi ò rí i.

Mẹ́rìnlélógún ni nọ́ńbà tó gbé jáde. Mo nu irin, mo tún un ṣe. Mẹ́tàlélógún. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Márùndínlọ́gbọ̀n.

“Màmá, omi wà nínú ẹ̀ o.”

“Omi kẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni mò ń bá òun ṣe.

“Màmá, kò tó iye tó yẹ. Ẹ má bínú.”

Mo ṣí ìdérí, mo da búlúù sí i. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo dà á, ó wá ń kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ.

Ọjọ́ kejì rẹ̀, ó tún já. Mẹ́tàlélógún. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín rárá. Obìnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì sọ nǹkan ní èdè wọn, àwọn tó kù sì rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ èdè Fúlàní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà nínú ohun tó sọ. “Olómi” ni. Ìyá náà gbọ́. Ó kàn ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ̀nà. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ nípa ìyẹn. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé obìnrin yìí kò jọ ẹni tó ń bu omi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ló borí lọ́kàn mi: má wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀gá mi sì dé lọ́jọ́ Ẹtì, tí mo ní kó bá mi wo ẹ̀rọ náà, pé wàrà ẹnìkan tó máa ń dáa ló ṣàdédé ń já, ó wò mí tàánútàánú.

“Àwọn obìnrin yẹn ti rí ẹ mú,” ló wí. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wàrà ìyá náà tún já. Ìyá náà kò jókòó lọ́jọ́ náà. Ó dúró síwájú tábìlì mi, ó fi ọwọ́ kan gbá orúnkún tó ń dùn ún mú.

“Ìyàwó, kí ló dé tó o fi ń ṣe mí báyìí?”

“Màmá, kì í ṣe èmi. Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ẹ̀rọ ló ń fún màlúù mi ni?”

“Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mò ń ṣe, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ó dáa.” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. “Ìwọ tó o kàwé, wá sílé mi. Wá fi ojú ara ẹ wo bí mo ṣe ń fún un. Kí ìwọ fúnra ẹ di kẹ́ẹ̀gì mú láti ibẹ̀ dé ibí. Bó o bá rí ibi tí mo ti bu omi sí i, kó o da búlúù náà sí èmi gan-an lórí.”

Ó yẹ kí n dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú àwọn obìnrin tó kù wà lára mi, nọ́ńbà sì wà lójú gíláàsì, mo sì dà á. Ìyá náà dúró, ó ń wo bí búlúù ṣe ń tàn ká, bí ẹni tó fẹ́ rí i títí á fi parí. Lẹ́yìn náà ló gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà ẹ̀yìn ilé. Omi gọ́tà yẹn rí búlúù bí ojú ọ̀run títí di ọ̀sán.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sílé, mò ń bá a jiyàn lọ́kàn mi, mò ń bá ọ̀gá mi jiyàn, mò ń bá ẹ̀rọ jiyàn. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo máa fi wọlé, mo ti pinnu pé mà á lọ sílé ìyá náà.

Òfin ni pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ jáde ní ibùdó. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e sínú báàgì mi lẹ́yìn iṣẹ́, mo fi gèlè bò ó, mo gbé e lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gun ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé Ìyànà Ọ̀fà, mo wá bá ọlọ́kadà tó máa ń gbé ìyá náà. Ó ń nu alùpùpù rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ibi tí mò ń lọ, ó ní, “Ẹ wá bẹ̀ wọ́n ni, àbí ẹ wá mú wọn?” Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní kó máa lọ.

Ìyá náà kò ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Ó ní kí n jókòó. Ó tú ọmọ màlúù kan sílẹ̀, ó jẹ́ kó mu díẹ̀ lára ìyá rẹ̀, ó fà á kúrò, ó sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó lóṣòó, ó fi igbá há itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Mi ò tíì rí i rí. Èmi tí mo ti ń yẹ wàrà wò láti oṣù mélòó kan, mi ò tíì rí bó ṣe ń jáde. Ó fún màlúù mẹ́rin. Ó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ó gbé igbá náà sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó sì lọ fọ ọwọ́, ó lọ kí ọkọ rẹ̀, ó lọ wá ìborùn. Ojú mi kò kúrò lára igbá yẹn.

Nígbà tó dé, mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró.

“Mi ò mọ̀wé,” ó wí. “Kí ló sọ?”

“Ọgbọ̀n, Màmá.”

“Ṣé ó dáa?”

“Ó dáa gan-an.”

Ó mirí. Ó rọ wàrà náà sínú kẹ́ẹ̀gì níṣojú mi, èmi ni mo dé e. Ọlọ́kadà so ó mọ́ ibi tó máa ń so ó mọ́. Ìyá náà jókòó sáàárín, èmi jókòó sẹ́yìn, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn, mo di ìdérí kẹ́ẹ̀gì mú. Òjò ti hú ọ̀nà náà tó fi dà bí egungun ìhà. Eyín mi ń gbá ara wọn. Bí a bá já sínú kòtò kan, a ó tún jáde sórí àpáta. Mò ń gbọ́ wàrà lẹ́yìn mi tó ń ró gbúlu-gbùlu, gbogbo ohun tí mo sì ń rò kò ju pé kí ọwọ́ mi má ṣe yọ lórí ìdérí yẹn. Kò yọ.

A dé. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sórí tábìlì, mo ṣí i, mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́.

Mẹ́tàlélógún.

Mo nu ún, mo tún un ṣe. Mẹ́rìnlélógún.

Ìyá náà kò wo nọ́ńbà. Ojú mi ló ń wò. “Ó tún ti sọ ọ́, àbí?”

Mo mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ṣí kẹ́ẹ̀gì yẹn. Èmi ni mo dé e, èmi ni mo dì í mú, èmi ni mo ṣí i. Bí ẹnìkan bá bu omi sí i, èmi ni. Mo wo ẹ̀rọ náà, ó sì dà bíi kí n jù ú sí ojú títì kí ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi níṣojú àwọn obìnrin náà, ìyẹn sì tún mú kí inú bí mi sí i.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mi ò lè da búlúù sí i, mi ò sì lè dà á sínú táńkì. Mo ní kí àwọn tó kù máa bọ̀. Àwọn tó fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n pọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ti ẹni àkọ́kọ́, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ti ẹnì kejì, ọgbọ̀n. Ẹ̀rọ kò ṣàìsàn kankan. Nígbà tí mo yẹ tiwọn tán, ìdajì wákàtí á ti kọjá. Ìyá náà ṣì jókòó. Ó kù èmi àti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Mo pa dà sí i, kì í ṣe pé mo ní ìrètí kan, ohun tí mà á ṣe ló tán lọ́wọ́ mi.

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Mo rò pé mi ò ríran dáadáa. Mo tún un ṣe. Ọgbọ̀n.

Mo wo inú kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tí a dé, ó ń hó lókè, ìfófòó rẹ̀ kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́. Báyìí, ó ti parọ́rọ́. Mo bu díẹ̀ sínú ike omi tí mo mu tán, mo dé e, mo sì gbọ̀n ọ́n, mo gbọ̀n ọ́n títí apá fi ro mí. Mo tú u sínú kọ́ọ̀bù, mo ki irin bọ̀ ọ́. Méjìlélógún.

“Afẹ́fẹ́ ni!” Mo pariwo. “Kì í ṣe omi. Màmá, afẹ́fẹ́ ni!”

“Afẹ́fẹ́ wo?”

“Ọ̀kadà ló ń gbọ̀n ọ́n, ojú ọ̀nà ló ń pò ó. Afẹ́fẹ́ ti ń kó sínú ẹ̀, ó wá ń fúyẹ́. Ẹ̀rọ yìí ò mọ ìyàtọ̀. Ohun tó bá ti fúyẹ́, á ní omi ni. Tó bá dúró díẹ̀, afẹ́fẹ́ á jáde.”

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Èmi gan-an ń fò lókè. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí.

“Ta ló yẹ kí wọ́n wá da búlúù sí báyìí?” ó bi mí. “Ọ̀kadà ni, àbí ojú ọ̀nà?”

Kò rẹ́rìn-ín sí i. Mo da wàrà rẹ̀ sínú táńkì, ó gba kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó sì dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ìgbà mẹ́ta,” bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá lọ́jọ́ kẹta.

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wàrà tó bá gun ọ̀kadà wá máa sinmi fún ìdajì wákàtí kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ta ló ní kó o gbé ẹ̀rọ jáde?”

“Sà, ohun tí mò ń sọ ni pé…”

“Ta ló ní kó o gbé e jáde? Tó bá já sílẹ̀ ńkọ́? Wàrà tó bá ń jókòó nínú ooru, ṣé kò ní kan ni? Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ní òkè òkun, ṣé wọn ò mọ̀ pé wàrà ń hó?”

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo lọ tú àpótí dúdú yẹn, mo mú ìwé kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e fún mi, ibi tí wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe ń tàn án ni mo kà mọ. Bí mo ṣe ṣí i síwájú, mo rí i, ìlà kan péré: ohun olómi tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n kò gbọdọ̀ ní ìfófòó. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń da búlúù. Ọ̀gá mi kò kà á, èmi náà kò kà á. Mo ya fọ́tò ojú ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ó kà á. Ohun tó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà kúérì, pé kí n wí tẹnu mi lórí ìdí tí mo fi gbé ẹrù ilé iṣẹ́ jáde láìgba àṣẹ.

Mo kọ èsì sí i. Lẹ́yìn náà, mo ra bàsíà ńlá kan, mo ń pọn omi tútù sínú rẹ̀ láràárọ̀. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà wá, mà á ní kó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sínú omi náà kó sinmi, kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó fẹsẹ̀ rìn lóhùn. Awakọ̀ táńkì ń fun fèrè, mo ń dá a dúró. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wàrà kan sinmi títí, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò sì kúrò ní mẹ́rìnlélógún. Mo wo obìnrin tó ni ín. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Omi òjò ni, ìyàwó,” ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo mú ike búlúù dání. Ọwọ́ mi kọ̀ láti ṣí i. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀, mo ní kó máa lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọ̀gá mi tó mú ìwé kan wá tí wọ́n tẹ̀ dáadáa. Ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí àwọn aláṣẹ ṣe, kí wàrà ní gbogbo ibùdó máa sinmi fún ìdajì wákàtí nínú omi tútù kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Ṣé o rí i?” ó wí. “A ti bá yín yanjú ẹ̀.”

Mo lẹ̀ ẹ́. Wọn kò fagi lé kúérì mi títí dòní.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo pa aṣọ dà, mo sì gba gáà lọ. Ìyá náà wà nídìí iná, ó ń se wàrà nínú ìkòkò, ó ń ro omi ewé bọ̀mùbọ̀mù sí i kí ó lè dì. Ó tẹ́ ẹní fún mi. Ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè àwọn ọmọ. Ó bu wàrà kíkan fún mi mu. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó dárí jì mí, pé ìwé wà nínú àpótí tí mi ò kà.

“Dìde,” ó wí. “Wàrà tó dànù ti dànù. Màlúù á tún fún òmíràn. Orúkọ ńkọ́?” Ó fi ìkòkò sílẹ̀, ó kọjú sí mi. “Àwọn ọmọdé inú gáà yìí ń pè mí ní Ìyá Olómi. Ojú àwọn obìnrin yẹn lo ti ṣe é. Ojú wọn náà ni kó o ti tún un ṣe.”

“Mà á ṣe é, Màmá. Ṣé ẹ ó máa gbé e wá padà?”

“Rárá o. Mi ò tún gbé wàrà mi síwájú ohun tó ń gbọ̀n mọ́.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo wọn pé, mo dìde síwájú tábìlì. Mo ní ìyá tí wọ́n ń pè ní olómi, kò bu omi kankan sí wàrà rẹ̀ rí. Mo ní ẹ̀rọ kò mọ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí omi, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Àgbà kan nínú wọn tú u sí èdè wọn fún àwọn tí kò gbọ́. Àwọn kan ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó sọ “olómi” lọ́jọ́ náà fa ìborùn bojú.

Obìnrin kan ló wá dìde lẹ́yìn. Kì í sábà sọ̀rọ̀.

“Èmi náà ń gun ọ̀kadà,” ó wí. “Wàrà tèmi tó o da búlúù sí nígbà òjò, ṣé omi ni àbí afẹ́fẹ́?”

Mo wo inú ìwé mi. Mo kọ nọ́ńbà síbẹ̀, mo kọ ọjọ́ síbẹ̀. Mi ò kọ ẹni tó fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó gun ọ̀kadà. Mo ní mi ò mọ̀.

“O ò mọ̀,” ó wí. Ó jókòó.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wàràkàṣì ni ìyá náà ń tà ní Ìyànà Ọ̀fà báyìí. Mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń fi ẹyọ kan lé e fún mi. Obìnrin tó bi mí léèrè kò dáwọ́ wíwá dúró. Bó bá ti dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sínú omi tútù. Á dúró tì í, á ká ọwọ́ sáyà, kò ní jókòó, kò ní kí mi ju ìkíni àárọ̀ lọ, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára mi títí mà á fi pe nọ́ńbà rẹ̀ sókè.